Ọdẹ́níran àti Ààfin Tí Òjò Gbé Lọ

"Ẹ wó o! Mo ní kí ẹ wó o lulẹ̀! Ilé ìdáná ààfin, ilé ẹṣin ààfin, ilé oníbodè ààfin! Ààfin fúnra rẹ̀ dà? Ẹ fi hàn mí! Ta ló rí ìrù tó ń jù fìrìfìrì láìsí ẹran nídìí rẹ̀ rí?"

Ohùn Jagun Ṣàngódèyí nìyẹn, ọ̀sán gangan, ní gbàgede Òkè-Arúgbó. Ó na ọ̀pá sí ilé mẹ́ta kan tí wọ́n dúró létí igbó bí arúgbó mẹ́ta tó ń yáàrùn. Géńdé méje láti Ìdí-Ọ̀ro, àdúgbò rẹ̀, tò sẹ́yìn rẹ̀, oníkálukú gbé ọkọ́ lé èjìká. Jagun fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó fẹ́ kí àgbàlá rẹ̀ lọ títí dé etí igbó, ilé mẹ́ta yìí ló sì dí i lọ́nà.

Ẹni tó dúró kò ó lójú ni Ọdẹ́níran, ọdẹ tí wọ́n bí sínú ilé ìdáná yẹn, tó gbéyàwó síbẹ̀, tó sì ti búra pé ibẹ̀ ni òun yóò kú sí. Bí àwọn àgbà ti wí, ìdílé rẹ̀ ló ń dáná fún ọba láyé àtijọ́.

"Jagun," ló wí, "mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ kú ìmúra. Ṣùgbọ́n òpó ìrókò tí bàbá ńlá mi fẹ̀yìn tì, ẹ ò ní fi ṣe àkàsọ̀."

"Bàbá ńlá rẹ! Alásè lásánlàsàn! Ẹni tó ń fẹ́ná!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ná títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, kí bàbá ńlá tiyín tó wá jẹun níbẹ̀ láìfọwọ́."

Ẹ̀rín ta láwùjọ. Jagun fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

"Ọba wo ló jẹ ní ìlú yìí rí? Baálẹ̀ la bá, Baálẹ̀ la ní. Ìtàn tí ò ń pa yẹn, ìtàn ẹni tí kò nílé tó fẹ́ fẹnu gba ilé ni!"

Baálẹ̀ jókòó láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, irú ẹni tó máa ń gbè sẹ́yìn ẹni méjì tó ń jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹni tó ní òun ní bàbá, ó yẹ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí," ló wí. "Ọdẹ́níran, mo fún ọ ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Fi ibi tí ààfin wà hàn wá, kí a fojú wa rí i. Bí o bá fi hàn, ilé mẹ́ta wọ̀nyí di ohun àjùmọ̀ní ìlú, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn wọ́n títí ayé. Bí o kò bá fi hàn, Jagun á wó wọn, ìwọ náà á sì wá ibòmíràn gbé orí lé."

"Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún!" ni Jagun wí. "Bí ẹ fẹ́, ẹ fún un ní ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohun tí kò sí, kò sí náà ni."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ẹ má fi ojú àánú wo Ọdẹ́níran o. Bàbá tó bí bàbá mi ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà lára mi, òun ló jẹ́ kó jẹ́ pé nígbà tí ẹfọ̀n lé mi gun igi tí kò lẹ́ka, orí igi náà ni mo ti bú u títí ojú fi tì í, tó yí padà sílé. Bí ẹnì kan bá ń ṣiyèméjì, kó dìde kí n wo gíga rẹ̀. Kò sí? Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ nígbà náà.

Ọdẹ́níran wọlé. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, wà nídìí ààrò kẹta nínú ààrò méje tó tò sílẹ̀ nínú ilé náà bí eyín. Èéfín ti kun ògiri ibẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹni bá fẹ̀yìn tì í á gbé èédú lọ sílé. Síbẹ̀ inú ilé náà máa ń dùn ún gbé. Ó tutù lọ́sàn-án, ó móoru lójò, òórùn iyọ̀ àti ata àtọdúnmọ́dún kò sì kúrò nínú igi àjà rẹ̀.

"Bàbá Ọdẹ́dínà," ni Àwẹ̀ró wí láìbojú wẹ̀yìn, "wọ́n ní ẹ fẹ́ lọ gbé ààfin wálé. Ẹ rọra gbé e o, ẹnu ọ̀nà wa ò fẹ̀."

"Àwẹ̀ró, má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. N ò mọ ibi tí màá gbà."

"Kí ni ìyá ìyá mi máa ń wí? Ó ní òjò ló gbé e lọ. Ohun tí òjò bá gbé, ṣé òkè ló ń gbé e gùn ni? Ẹ bá ojú àgbàrá lọ."

Ẹ rí i? Ọkùnrin á wá ọgbọ́n dé ìlú méje, ọgbọ́n á sì jókòó sídìí ààrò, á máa fẹ́ná. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró di àádùn, ẹran ìgalà gbígbẹ, ata àti iyọ̀ sínú àpò fún un, Ọdẹ́níran gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sì bá ojú àgbàrá lọ. Lẹ́yìn ilé ìdáná gan-an ni àgbàrá náà ti bẹ̀rẹ̀. Inú Igbó Ẹrẹ̀ ló wọ̀ lọ.

Igbó Ẹrẹ̀! Igbó tí àwọn igi rẹ̀ ń rìn kiri lọ́sàn-án, tí wọ́n ń wá òjìji ara wọn! Igbó tí àwọn ẹyẹ rẹ̀ ń fi ìdí fò kí atẹ́gùn má baà bọ́ sí wọn lójú, tí àwọn ọ̀bọ rẹ̀ ń kí ènìyàn ẹ káàárọ̀ tí wọ́n sì ń dúró gba ìdáhùn! Ọdẹ́níran kí gbogbo wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó wọ ilé onílé tí kò kí wọn, ọ̀nà ibẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n. Ọ̀bọ kan tilẹ̀ béèrè àlàáfíà Àwẹ̀ró. Ó ní ó wà.

Kò tíì kúrò níbẹ̀ pẹ́ tí ilẹ̀ fi gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Iwin kan tó ń jẹ́ Agbẹ́sẹ̀mì ló tẹ̀ láyà. Ojú kan ni iwin náà ní, orí eékún ọ̀tún ni ojú ọ̀hún sì wà. Gbòǹgbò ni irun rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ń hó bí ìkòkò, bó bá sì mí, ọ̀pọ̀lọ́ kan á fò jáde nímú rẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," á tún fò wọlé padà.

"Ta ló ń tẹ̀ mí láyà?" ni iwin bú ramúramù.

"Èmi Ọdẹ́níran ni! Ọmọ adáná-fọ́ba, ọmọ a-fọwọ́-gbé-ìkòkò-gbígbóná-má-ké! Kúrò lọ́nà kí n má baà fi ọ́ mọ ògiri!"

"Fi èmi mọ ògiri?" Iwin rẹ́rìn-ín, Ọdẹ́níran sì rì dé orúnkún. "Ara mi ni gbogbo yín ti bu ògiri, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ sì ń padà bọ̀. Gbọ́, ẹlẹ́nu. Àlọ́ kan ni mo ní. Mo fún ọ ní ìdáhùn mẹ́ta. Bí o bá gbà á, kọjá. Bí o kò bá gbà á, ìwọ náà di amọ̀. Kí ló ń mu òjò lẹ́yìn, tó ń mu èéfín níkùn, síbẹ̀ tí òùngbẹ kò kúrò lọ́fun rẹ̀?"

Ọdẹ́níran kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ọdẹ tó ń mu ìkòkò tábà nínú òjò!"

"Bí òjò bá pọ̀, ọdẹ á wọlé. Ohun tí mò ń wí kì í wọlé." Ó rì dé ìbàdí.

"Òkè ni! Òkè tí ìkùukùu bò!"

"Òkè kò ní ikùn." Ó rì dé àyà.

Ẹrẹ̀ náà tutù bí ọwọ́ òkú. Àwọn ọ̀bọ ti jókòó yí i ká, wọ́n ń jẹ èso, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo eré. Ọdẹ́níran wò ó pé bí òun bá di amọ̀ síbí, Jagun á wó ilé lé Àwẹ̀ró lórí lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Ó gbójú sókè kó má baà rí ojú àwọn ọ̀bọ, ewé igi tó pàdé lókè orí rẹ̀ sì rán an létí ibì kan. Ó rántí ìgbà tí òun ṣì kéré, tí òun sùn kalẹ̀ nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ òjò, tí ìyá òun ń dáná, tí òun ń wo òkè, tí omi ń rọ̀ jìnnìjìnnì lẹ́yìn koríko, tí èéfín ń wọ abẹ́ koríko kan náà lọ láìpadà wá.

"Òrùlé!" ló ké. "Òrùlé ilé ìdáná!"

Ojú eékún iwin náà ṣẹ́ wìì. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí!"

Agbẹ́sẹ̀mì tu ú síta bí ẹni tu egungun ẹja, ọ̀pọ̀lọ́ sì jáde tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ kẹfà ló dé Ìlú Agbórùlé. Kò sí ògiri kan ṣoṣo ní ìlú náà. Oníkálukú ló gbé òrùlé koríko kékeré lé orí, tó fi okùn dì í mọ́ àgbọ̀n. Bí òjò bá dé, oníkálukú á dúró gbọnrangandan lábẹ́ tirẹ̀. Òjò á sì pa iná tó wà láàárín wọn, nítorí kò sẹ́ni tó jẹ́ fi òrùlé rẹ̀ bò ó. Wọ́n ní iná kì í ṣe ti ẹnì kan. Nítorí náà wọn kò jẹ oúnjẹ gbígbóná rí láyé wọn. Kókò tútù ni wọ́n ń jẹ, ọ̀fun wọn sì ń yún wọn tàárọ̀ tọ̀sán, èyí ló jẹ́ kí gbogbo wọn máa bínú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ kókò tútù kan wò, kí ẹ wá bá mi rẹ́rìn-ín.

Obìnrin gíga kan ni olórí wọn, Tèmi-Ò-Kàn-Ọ́ lorúkọ rẹ̀.

"Òrùlé rẹ dà?" ló bi Ọdẹ́níran.

"Ó wà nílé, ìyá."

"Ta ló ń gbé e lé orí?"

"Ògiri ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò gbọ́ irú ọ̀lẹ bẹ́ẹ̀ rí. Tèmi-Ò-Kàn-Ọ́ ní, "Nílùú tiwa, ẹni tí kò bá gbé òrùlé, òpó la fi ń ṣe." Wọ́n mú un, wọ́n dì í tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò tí wọ́n fẹ́ gbìn ín sí.

"Ìyá," ni Ọdẹ́níran wí, "òpó tí ebi ń pa máa ń tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná."

Wọ́n wò ó pé òótọ́ ni. Wọ́n tú u. Ó dáná, ó yọ ẹran ìgalà jáde, ó fi ata àti iyọ̀ Àwẹ̀ró ra á lára, ó sì nà án sórí iná. Ọmọ alásè ni, ẹ má gbàgbé! Òórùn ẹran náà gbéra, ó rìn yí ìlú ká lójúlé-lójúlé bí ìyàwó tuntun tó ń kí ará ilé ọkọ. Àwọn tó ń gbẹ́ ihò ju ọkọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ọ̀run ti ṣú. Ìkán òjò kan ta sínú iná: ṣíìn!

"Yé è!" ni Ọdẹ́níran ké. "Ó fẹ́ tutù! Bó bá tutù, kò yàtọ̀ sí kókò mọ́ o! Ìyá, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀."

"Kí òrùlé mi wá bo iná tí kì í ṣe tèmi?"

"Ẹran náà ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Tèmi-Ò-Kàn-Ọ́ gbé itọ́ mì. Ó sún ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó wà lápá òsì rí i, ó ní wọn ò ní yan òun jẹ, òun náà sún. Ẹni kẹta sún, ẹni ogún sún, títí etí òrùlé gbogbo wọn fi kan ara wọn tí wọ́n sì wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́. Òjò rọ̀ títí, kò rí ibi wọlé. Abẹ́ rẹ̀ di ilé ńlá kan ṣoṣo, iná ń jó láàárín. Wọ́n jẹ ẹran gbígbóná, ọ̀fun wọn sì dẹ̀. Ọkùnrin kan kọjú sí ẹni tó ti ń bá a gbé láti ọgbọ̀n ọdún, ó wò ó títí.

"Ṣé bí ojú rẹ ṣe rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló ṣe é?"

"Rárá. Kò burú."

Wọn kò rántí òpó mọ́. Nígbà tí òjò dá, wọn kò tilẹ̀ fẹ́ tú ká. Gbogbo wọn ló fi orin sin Ọdẹ́níran dé ibi tí ojú àgbàrá ti bẹ̀rẹ̀ padà. Wọ́n ń rìn lábẹ́ òrùlé kan bí ìjàpá ńlá tó ní igba ẹsẹ̀.

Níbi tí gbogbo àgbàrá ayé parí sí ni Ìlú Àwọn Ilé Tó Wó wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé tó ti wó láyé ń gbé. Wọ́n jókòó káàkiri lórí pápá bí àgbààgbà níbi ìpàdé, fèrèsé ni ojú wọn, ilẹ̀kùn ni ẹnu wọn. Bí Ọdẹ́níran ṣe yọ, wọ́n rò pé ilé tuntun ló dé.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹni àwókù! Kí ló wó ọ? Ikán ló wó èmi."

"Èmi, iná ni."

"Èmi, ọmọ méjìlá ló jogún mi," ni ilé gíga kan wí. "Oníkálukú ní kí èkejì tún mi ṣe." Gbogbo ilé tó kù mí kanlẹ̀.

"Èmi kì í ṣe ilé," ni Ọdẹ́níran wí. "Ènìyàn ni mí."

"Ènìyàn! Ẹ wá wò ó o! Àwọn tó ń gbénú wa!" Ahéré kékeré kan fò wá síwájú. "Ṣé ẹ ṣì máa ń hanrun?"

"A ṣì ń hanrun."

"Ó ṣé o!" ni ahéré wí. "Ohùn yẹn máa ń dùn mọ́ mi."

Wọ́n mú un dé òkè pápá náà, ibẹ̀ ló sì ti rí i. Ààfin Òkè-Arúgbó! Ogójì àgbàlá, ọ̀kan nínú èkejì bí àlùbọ́sà. Kọ̀bì mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọba ń jókòó sí, yọ síwájú rẹ̀ bí èjìká mẹ́fà. Ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ la ilẹ̀kùn rẹ̀ já á mú oúnjẹ dání. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ohùn ààfin náà dún bí ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá kan.

"Dìde, ọmọ mi. Èéfín mi ń rùn lára rẹ. Ṣé ilé ìdáná mi ṣì ń yọ èéfín?"

"Ó ń yọ ọ́, kábíyèsí. Àárọ̀ tí mo kúrò nílé, Àwẹ̀ró se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ nínú rẹ̀."

"Ilé ẹṣin mi ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ ló kún inú rẹ̀."

"Kò burú. Ewúrẹ́ náà lẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ilé oníbodè?"

"Ó dúró. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kò pa dé mọ́."

"Kò pa dé rí," ni ààfin wí, ó sì rẹ́rìn-ín, eruku pupa sì dà sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Kábíyèsí, ta ló gbé yín lọ? Wọ́n ní ẹ kò sí rí."

"Kò sẹ́ni tó gbé mi lọ. Ńṣe ni wọ́n fi mí sílẹ̀. Jókòó."

Ó wá ròyìn ara rẹ̀. Ọba Agúnlóyè ló ní kí wọ́n mọ òun. Àdúgbò mẹ́ta ló para pọ̀, Òkè-Odò, Ìsàlẹ̀-Agbede àti Ìdí-Ọ̀ro. Àwọn obìnrin pọn omi, àwọn ọkùnrin fẹsẹ̀ gún amọ̀ pẹ̀lú orin. Ìpele kan á gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta sì ni wọ́n fi ṣe é. Ọba mẹ́rìnlá sùn nínú rẹ̀. Ogun dé lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ògiri, ó padà. Iná jó o lẹ́ẹ̀kan, ògiri tún le sí i. Ohun kan ṣoṣo ni ògiri amọ̀ ń bẹ̀rù, omi láti òkè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́dọọdún, bí ìkórè bá ti parí, àwọn àdúgbò mẹ́ta náà máa ń gbé koríko bẹ́ẹ̀rẹ̀ wá bò ó. Lọ́dún yìí àdúgbò kan á ṣíwájú, lọ́dún tó ń bọ̀ òmíràn.

"Ọdún kan wá dé," ni ààfin wí, "tó kan Ìdí-Ọ̀ro láti ṣíwájú. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú, ọba ti yin Òkè-Odò lójú gbogbo ènìyàn, ó ní koríko wọn ló gùn jù. Ni Jagun Ìdí-Ọ̀ro ayé ìgbà náà bá ní, 'Ẹni tí wọ́n yìn ni kó lọ bo ilé.' Òkè-Odò ní, 'Kò kàn wá.' Ìsàlẹ̀-Agbede ní, 'Àwa kì í ṣíwájú ẹni tó ṣíwájú wa.' Ṣé o mọ ohun tó dùn mí jù, ọmọ mi? Gbogbo wọn ló ti gé koríko! Òkìtì mẹ́ta, ó ga ju ènìyàn lọ, ó wà lójúde wọn. Wọ́n ń dúró kí ẹnì kan wá bẹ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kan. Koríko jẹrà. Ọdún kìíní, ihò kan. Ọdún kejì, ojú ọ̀run. Ọdún kẹta, òjò bọ́ sínú ògiri, ọba kó lọ sí ìlú ìyá rẹ̀, èmi náà sì bá àgbàrá lọ díẹ̀díẹ̀."

"Ilé ìdáná wa ńkọ́? Kí ló dé tí kò bá yín lọ?"

"Alásè, olùtọ́jú ẹṣin àti oníbodè, ta ni yóò bẹ̀ wọ́n? Ta ló ń yin alásè? Wọn kò dúró de ẹnì kankan. Wọ́n gé koríko, wọ́n bo ibi tí wọ́n ń sùn. Ohun tó gbà wọ́n kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ fi páànù bo ilé tí ẹ wá ń yan kiri, ṣé ẹ gbọ́? Mo kàn ní ṣé ẹ gbọ́ ni.

Omi bọ́ lójú Ọdẹ́níran. Ó ní kí ààfin fún òun ní nǹkan kan tí òun yóò mú lọ sílé, kó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ kan.

"Amọ̀ kò jẹ́rìí," ni ààfin wí. "Amọ̀ ló kún ìlú yín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òjò kò lè gbé. Àwọn obìnrin Òkè-Odò fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá tí ọba ti ń jẹun, wọ́n nà án ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó le ju òkúta lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló bò ó. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ka ogójì ìṣísẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń gba ọbẹ̀ mi."

Bí Ọdẹ́níran ṣe padà kì í ṣe ẹjọ́. Agbẹ́sẹ̀mì yà fún un, àwọn Agbórùlé fún un ní ìsun iṣu, ọ̀bọ béèrè ohun tó mú bọ̀ fún Àwẹ̀ró. Ọ̀sán ọjọ́ kẹtàdínlógún ló yọ sí Òkè-Arúgbó. Gbogbo ìlú ti pé. Àwọn géńdé méje ti gun ilé ẹṣin, wọ́n ti ń já koríko rẹ̀ sílẹ̀. Àwẹ̀ró dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọ odó.

"Ẹni tó bá fẹ́ wó o, kó kọ́kọ́ wó mi!" ló ń wí. "Jagun, ẹ bọ́ síwájú kí n bá yín gún ìyán orí yín!"

"Ẹ dúró!" ni Ọdẹ́níran ké. "Mo ti rí i! Àpáàdì tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ààfin ṣì wà nínú ilẹ̀!"

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó ka ogójì ìṣísẹ̀. Ó bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ilé Jagun, lórí àkìtàn. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Eérú ni wọ́n rí, àti egungun adìyẹ.

Jagun rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Ẹ wá wo ààfin! Ààfin adìyẹ! Ẹ̀yin ọmọ Ìdí-Ọ̀ro, ẹ máa báṣẹ́ lọ!"

Àwẹ̀ró gbá Ọdẹ́níran lápá mú.

"Kí gan-an ni wọ́n sọ fún yín? Ẹ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

"Ààfin ní ogójì ìṣísẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti ń gba ọbẹ̀."

Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ gbọọrọ ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Ta ló ń gbé ọbẹ̀ lọ fún ọba? Ṣé ọdẹ tó ń lé ẹtu ni?"

Ó wọlé. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó lọ́wọ́ kúrò lórí ààrò, ó kún dé etí, ó fi èkísà mú un lọ́wọ́ méjèèjì. Ó jáde, ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ó ń ṣísẹ̀ kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọbẹ̀ jó òun. Gbogbo ìlú ń kà á pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ogójì, kò tíì dé àkìtàn rárá, kò tíì kọjá ilé Jagun pàápàá. Àgbàlá Jagun ló wà, níwájú ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ gan-an. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀.

"Ibí ni," ló wí. Ìkán kan kò dà.

Ojú Jagun yí padà. "Nínú àgbàlá mi? Ẹnì kankan kò ní gbẹ́ àgbàlá mi!"

"Ẹ̀rù ń bà yín ni, Jagun?" ni Ọdẹ́níran wí. "Ẹ ní ohun tí kò sí, kò sí náà ni. Ṣebí bàbá ńlá yín ló ní kí ẹni tí wọ́n yìn lọ bo ilé. Koríko yín jẹrà lójúde yín, òun ló wó ààfin."

Ariwo sọ. Baálẹ̀ dìde dúró, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ kò wúkọ́. "Wọn á gbẹ́ ẹ," ló wí.

"Ó dáa!" Jagun já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ géńdé kan. "Èmi fúnra mi ni n ó gbẹ́ ẹ! Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ri nǹkan mọ́lẹ̀ síbẹ̀." Ó bọ́ agbádá sílẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ dé kókósẹ̀. Ilẹ̀ pupa. Ó gbẹ́ ẹ dé agbede ojúgun. Gbòǹgbò. Ó gbẹ́ ẹ dé orúnkún, òógùn ń ro tó-tó-tó nímú rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo ìlú.

"Ṣé ẹ rí ààfin? Ọdẹ́níran, lọ di ẹrù rẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló kù tí n ó ṣá ilẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà ilé ìdáná rẹ ló kàn!"

Ó gbé ọkọ́ sókè kọjá orí, ó fi gbogbo ara ju ú sílẹ̀, ọkọ́ náà la ilẹ̀ pupa kọjá, ó sì bá àpáàdì: gbà-ǹ-gàn!